Àgbá Omi Etí Oko Àgbàdo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Bàbá Rísíkà, ṣé èrè wà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀?" mo ti ń gbọ́ yín tipẹ́. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èrè gan-an lẹ ń béèrè. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè tètè kúrò nínú oòrùn. Ẹ kò lè tètè kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ ìyẹn, ó tán. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìyókù, kó fa àpótí súnmọ́ mi.

Gàníyù ni orúkọ mi. Ọmọ Òkèhò ni mí, ṣùgbọ́n Àgọ́-Àrẹ ni mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbin àgbàdo. Orúnkún mi ló ní kí n jókòó. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, oko ni ẹ̀ bá ti bá mi lónìí. Rísíkátù ọmọ mi ló ń bójú tó iṣẹ́ báyìí, èmi a máa lọ wò ó bí ó bá fi ọ̀kadà gbé mi, a sì máa ṣe àríwísí títí tí yóò fi ní kí a máa lọ sílé.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gùn láti sọ. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní kí n di ẹrù mi. Owó tí mo ń gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n oúnjẹ pọ̀. Mo ti di géńdé nígbà náà, irùngbọ̀n ti yọ, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa àgbàdo. Ta ni kò mọ àgbàdo í gbìn ní Òkè-Ògùn?

Bàbá Múfútàù ni à ń pe ọ̀gá mi. Ó ga, ó tínrín, kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ṣe ni yóò kàn dákẹ́, tí yóò máa wo ẹsẹ̀ rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn le ju ẹgba lọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, kò gbé ọkọ́ fún mi. Ó mú mi lọ sí ibi tí ó kó ìgbẹ́ màlúù jọ sí lábẹ́ igi, ó fi koríko bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti igi gígùn kan bọ inú rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fà á yọ, ó ní kí n di ibi tó wọ inú ìgbẹ́ náà mú.

"Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó gbóná, Bàbá."

"Bí ó bá ṣì gbóná, kò tíì jinná. Bí o bá gbé e fún àgbàdo báyìí, yóò jó o. Ọjọ́ tó bá tutù, tó dúdú, tí kò rùn mọ́, ọjọ́ yẹn ló tó di ajílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ìgbẹ́ lásán ni."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo ní, ṣé torí kí n wá di igi ìgbẹ́ mú ni mo ṣe kúrò ní Òkèhò?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìgbẹ́ náà ti ń wá fún yín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró sí. Fúlàní kan wà tó ń jẹ́ Bẹ́lò, gáà rẹ̀, ibùdó tí àwọn darandaran ń gbé, wà lápá ọ̀nà Tẹ̀dé. Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Yorùbá bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá ti kórè, Bẹ́lò a máa kó màlúù rẹ̀ wá sùn sínú oko wa. Wọ́n á jẹ pòpórò àgbàdo, wọ́n á yàgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á tọ̀ sílẹ̀. Bí ibi kan bá ti gbà tó, a óò ṣí èèkàn wọn síwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo oko yóò fi rí tirẹ̀ gbà. Ẹnikẹ́ni kì í san nǹkan fún ẹnìkejì. Àwọn jẹ pòpórò wa, àwa gba ẹlẹ́bọ́tọ wọn. Bàbá sì la àgbá epo sí méjì, ó tò wọ́n sí etí oko lábẹ́ igi máńgòrò, àwa ọmọṣẹ́ a máa pọn omi kún un fún àwọn màlúù. Wọ́n mọ àgbá náà dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á sáré.

Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bọ́tọ yẹn pẹ́ nínú oòrùn. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, a gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ mọ́ inú ebè. Ó ní bí oòrùn bá ti yan án gbẹ lórí ilẹ̀, ohun tó dára nínú rẹ̀ ti fò lọ.

Ṣùgbọ́n orí ajílẹ̀ funfun, èyí tí à ń rà nínú àpò, tí wọ́n ń pè ní yùríà, ni ojú mi ti rí nǹkan. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni òṣùwọ̀n wa. O óò fi igi dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìdí rẹ̀ jù, o óò da ìdérí kan sí i, o óò fi gìgísẹ̀ bò ó. A máa ń fún un ní díẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbérí, a óò tún wá fún un ní ìyókù nígbà tó bá dé orúnkún. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà nítòsí wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn máa fọ́n ọn kiri bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ, wọ́n á sì ti délé kí oòrùn tó mú.

Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, mo fẹ́ tètè ṣe tán, mi ò bo ti poro mélòó kan dáadáa. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Gàníyù, ta lò ń bọ́? Ṣé àgbàdo ni, àbí afẹ́fẹ́?"

"Àgbàdo ni, Bàbá."

"Bẹ̀rẹ̀ kí o gbóòórùn rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti mú un, ìrì ti rin ín, ó ń rùn bí ìtọ̀ tí ó ti pẹ́. Bàbá ní èyí tó wọ imú mi yẹn kò ní wọnú àgbàdo mọ́ láéláé. Ó ní kí n ṣa ìyókù. Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa hóró funfun wẹ́wẹ́ nínú yanrìn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jẹun lábẹ́ igi tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni gìgísẹ̀ mi ti gbọ́n.

Bí òjò ńlá bá ṣú, kò sí ohun tí a lè sọ tí Bàbá yóò fi jẹ́ kí a tú àpò ajílẹ̀. Àwọn alágbàṣe lè ti dé, kí wọ́n ti ká ṣòkòtò, yóò ní kí wọ́n jẹun kí wọ́n máa lọ. "Mi ò gbin àgbàdo sínú odò," ni yóò wí. Kì í sì í jẹ́ kí a kọ ebè dé etí odò. Ó fi koríko sílẹ̀ níbẹ̀ gbọọrọ, kí ohunkóhun tí àgbàrá bá gbé nínú oko lè há sínú koríko yẹn. Àwọn obìnrin ìlú ń pọn omi mu nísàlẹ̀ odò náà. Nígbà tí omi àwọn ibòmíràn ń di àwọ̀ ewé tó ń rùn, tiwa mọ́.

Nísinsìnyí, Súnmọ́nù. Ọmọṣẹ́ Bàbá lòun náà, ó ṣáájú mi dé, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó sì rí bí àwọn kan níbẹ̀ ṣe ń yọ́ ajílẹ̀ funfun sínú omi, tí wọ́n ń fi ife bù ú sí ìdí ohun ọ̀gbìn. Nígbà tó dé, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàdo àkùrọ̀ tí Bàbá fún un láti máa fi ṣe ti ara rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbá wo ni yóò fi yọ́ ọ? Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ààbọ̀ àgbá abẹ́ igi máńgòrò lọ sí àkùrọ̀. Ó da ajílẹ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó lọ wá ife wá nílé.

Kó tó padà dé, màlúù dé. Wọ́n rí àgbá tí wọ́n mọ̀.

Ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí màlúù ké bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí a sáré débẹ̀, àwọn kan ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, inú wọn ti wú, ìfófó ń bọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Bẹ́lò ń sáré láti orí ọ̀kan sí èkejì, fìlà rẹ̀ ti jábọ́.

"Bàbá Múfútàù! Ẹ ti fún wọn ní májèlé! Mo kó wọn wá sílé yín, ẹ fún wọn ní májèlé!"

Bàbá ti ọwọ́ bọ inú àgbá, ó fi tọ́ ahọ́n wò, ó tutọ́ dànù. Ó wo Súnmọ́nù tó gbé ife dání. Ó ní kí n sáré lọ pe Bọ̀ọ̀dá Agíríìkì, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tó ń gbé ládùúgbò wa. Ọlọ́run ṣe é, mo bá a nílé.

Bọ̀ọ̀dá Agíríìkì kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní ohun kíkan ni a gbọ́dọ̀ máa rọ sí wọn lọ́fun, pẹ̀lú omi tútù púpọ̀. Ó ní fínígà, omi kíkan tí àwọn òyìnbó ń fi se oúnjẹ, ni wọ́n kọ́ òun. Fínígà! Ní Àgọ́-Àrẹ! Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun òyìnbó ni?" Ìyá Múfútàù, ìyàwó ọ̀gá mi, ló béèrè. Ògì ló ń sẹ́ tà. "Omi ògì mi ti kan gan-an. Ìkòkò méjì wà nílé."

Bọ̀ọ̀dá Agíríìkì wò ó, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé e wá. Ẹ gbé ti gbogbo àdúgbò wá."

Ẹ ò rí ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo obìnrin tó ń sẹ́ ògì ló gbé ìkòkò sórí, tí wọ́n ń sáré bọ̀ lóko, tí omi ògì ń dà sí wọn lára. Àwa ọkùnrin ń di màlúù lórí mú, Bẹ́lò ń la ẹnu wọn, a ń fi ìgò rọ ọ́. Súnmọ́nù ń sunkún, ó ń rọ ọ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni a wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn dìde. Àwọn kan kò dìde. Lára àwọn tí kò dìde ni arúgbó màlúù kan tí ìyá Bẹ́lò fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bẹ́lò jókòó ti orí rẹ̀, ó ń nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ènìyàn.

Àwọn ọ̀dọ́ gáà ti dé pẹ̀lú ọ̀pá. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ti ń dé, mo rí ìbọn ọdẹ lọ́wọ́ ẹni méjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ yóò ta sílẹ̀ nínú oko yìí, a ò sì ní lè dá a padà láéláé.

Bàbá bọ́ sí àárín. "Ẹ gbé ìbọn yín lọ sílé. Èmi ni mo ni oko, èmi ni mo ni àgbá. Bẹ́lò, kì í ṣe májèlé, ajílẹ̀ àgbàdo ni. Ọmọṣẹ́ mi ló gbàgbé pé àgbá màlúù ni. Màlúù tèmi wà nínú agbo rẹ, tí o ń bá mi sìn. Mú èyí tí o bá fẹ́ níbẹ̀."

Bẹ́lò dìde. "Mi ò fẹ́ màlúù yín, Bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi yín ni wọ́n mu."

Ó yí padà sí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, ó bá wọn sọ èdè wọn, wọ́n sọ ọ̀pá kalẹ̀. Wọ́n dúró bá wa sin òkú màlúù, nítorí Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó ìyókù lọ.

Lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Bẹ́lò kò wá. Ilẹ̀ wa yanrìn, ẹ mọ̀ ọ́n, kì í di omi mú. Ajílẹ̀ funfun nìkan kò lè gbé e. Nígbà tí òjò dé, ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí Bàbá ra ajílẹ̀ sí i, kó dà á sílẹ̀ dáadáa. Kò rà á.

Ohun kan ló ń ṣe tí kò yé wa. Ó ra àgbá tuntun, ó kùn ún ní pupa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mọ̀, ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí a máa pọn omi sí i lójoojúmọ́. Súnmọ́nù ló gba iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Màlúù kankan kò sí, ó ń pọn omi. Àwọn ẹyẹ ló ń mu ún. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí i pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó ń rù ú kọjá lára wọn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, Bẹ́lò yọ lọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òun nìkan ni. Ó kí wa, ó dúró ti àgbá pupa náà, ó ń wò ó.

"Omi wo nìyí, Bàbá?"

Bàbá bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ẹni tó lè bí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi náà, ó mu. Ó tún bù, ó tún mu. Ó ní kí àwa náà wá mu. Súnmọ́nù mu títí mo fi rò pé yóò fẹ́ gbé àgbá náà mì. Bẹ́lò wò wá, ó mi orí, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, a rí eruku lọ́nà Tẹ̀dé, a rí lékeléke lókè eruku. Màlúù ń bọ̀. Ẹ dákun, ẹ má bi mí bí ọkàn mi ṣe rí. Àwa géńdé ń fò sókè bí ọmọdé.

Láti ìgbà náà ló ti di àṣà wa. Bí Bẹ́lò bá kó màlúù dé lọ́dọọdún, ẹyọ kan kò ní fẹnu kan àgbá títí ẹni tó ni oko yóò fi kúnlẹ̀ mu níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú, tí Múfútàù ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ní kí n máa dá oko náà lọ, èmi ni mo ń kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Katakata gba ọkọ́ lọ́wọ́ wa. Irúgbìn tuntun dé, tó ń gbó kíá. Ìdérí ìgò di ohun àfisẹ́yìn. Rísíkátù ní igi onírin kan tó ń gún ilẹ̀, tó ń da ajílẹ̀, tó sì ń bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kò nílò gìgísẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo fóònù kó tó mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀, Bàbá a sì máa wo ojú ọ̀run. Mo ṣọ́ àwọn méjèèjì wò, wọ́n jọ ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìdérí ìgò wa yẹn o, mi ò ní purọ́. Mo ṣì ní ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ohun tó dùn mí ni ti màlúù. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran dàrú káàkiri, ẹ̀rù ń ba tọ̀túntòsì. Bẹ́lò darúgbó, kò lè rìn mọ́. Agbo rẹ̀ kò wá mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ ni à ń rà láti Ìsẹ́yìn, a ń kó o jọ, a ń bò ó kó jinná. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n máa pọn omi sí àgbá pupa lẹ́ẹ̀rùn. Rísíkátù a máa bá mi jà.

"Bàbá mi, ta ló fẹ́ mu ún? Àti pé omi tí màlúù ń ti imú bọ̀, ṣé ẹ̀yin náà ló yẹ kí ẹ máa mu ún? Kòkòrò ló kún ibẹ̀."

"Pọn ọ́n," ni mo máa ń sọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí, mi ò sọ ọ́ fún un. Mò ń rò ó pé bí mo bá kú, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó lọ yìí, Bẹ́lò pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n. "Gàníyù, ṣé omi ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní omi wà. Ó ní Yàyá ọmọ òun ń bọ̀.

Rísíkátù gbé mi lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yàyá dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó na ọ̀pá, gbogbo agbo wà lẹ́yìn rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Bàbá mi ní kí n dá wọn dúró títí ẹni tó ni oko yóò fi mu."

Mo sọ ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi kalẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Mo tún gbìyànjú, mo di etí àgbá mú, ó kọ̀. Màlúù ń ké. Ojú tì mí, omi sì ń dà lójú mi.

Mo rí Rísíkátù tó ká ìró rẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi, ó mu. Ó wo ojú Yàyá, ó tún bù, ó tún mu. Yàyá sọ ọ̀pá kalẹ̀.

Màlúù tú dà sórí àgbá. Rísíkátù ń nu ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, omi yín tutù."

"Omi tìẹ ni," mo ní. "Bu díẹ̀ fún mi."